Ilé tí Alájì Ọládòṣù Tà

Ìró dígà Láńre ni ó kọ́kọ́ yí padà. Láti òwúrọ̀ tí bíríkìlà náà ti ń fọ́ ilẹ̀ pálọ̀, kò-kò-kò ni dígà ń dún, irin ń pàdé sìmẹ́ǹtì. Lójijì ó dún pọ̀ọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá lu àgbá òfìfo. Muslimah, ìyàwó ilé, tó jókòó sẹ́yìnkùlé tó ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, dá ọwọ́ dúró. Ó gbọ́ tí Láńre ní, "Háà!" Kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Nígbà tó fi máa débẹ̀, Láńre ti fẹ̀yìn ti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Dígà ti wọlẹ̀ lọ. Ihò kan lanu sílẹ̀ láàárín pálọ̀, ó fẹ̀ tó ẹnu agbada tí wọ́n fi ń yan gààrí, etí rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tẹ̀ láti oṣù tó kọjá kò nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lábẹ́ rẹ̀, òfìfo ni. Lábẹ́ òfìfo náà, ilẹ̀ dúdú kan tó rọ̀ bí oúnjẹ tó kan, tí àpáàdì, eérú, èèpo ẹkùrọ́, àkísà àti bàtà rọ́bà ẹlẹ́sẹ̀ kan kún inú rẹ̀. Òórùn inú rẹ̀ gòkè wá, ó gba gbogbo pálọ̀.

"Ìyá Farouk, ẹ má sún mọ́ ọn," ni Láńre wí.

"Kí ni eléyìí?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Táìsì lẹ ní kí n wá tẹ́. Ẹ ò ní kí n wá gbẹ́ kànga."

Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Muslimah kò rẹ́rìn-ín, ni òun náà bá gbé tirẹ̀ mì. Ó fara ti ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn lọ sí igun kejì, ó fi ìka kan pílásítà tuntun tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ẹyin kùn. Pílásítà náà ṣí kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti lanu láti òkè dé ilẹ̀, ọwọ́ ọmọdé á wọ ibẹ̀. Wọ́n ti fi páálí dí i, kí wọ́n tó pa sìmẹ́ǹtì lé páálí, kí wọ́n tó kun ọ̀dà lé sìmẹ́ǹtì.

Muslimah fa páálí náà jáde. Páálí tí wọ́n fi ń di mílíìkì ni. Ó ká a, ó tún tú u, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

"Kí n má purọ́ fún yín," Láńre bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, "iṣẹ́ mi kọ́ nìyí. Ilé tó bá ń lọ sísàlẹ̀, ta ló ń fi táìsì dè é mọ́lẹ̀? Iṣẹ́ kan ń dúró dè mí ní Ìláporù, ẹ jẹ́ kí n tètè débẹ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá Farouk."

"Ṣé ilé yóò wó ni?"

Ó mú okùn, ó fi fa dígà rẹ̀ jáde nínú ihò, ó nu ún mọ́ ṣòkòtò. "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, ma. Ẹ ṣáà má sun pálọ̀."

Ọ̀kadà rẹ̀ ti dé títì kí Muslimah tó rántí pé kò dáhùn ìbéèrè òun.

Pálọ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n fẹ́ fi gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kí sáà ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ilẹ̀ etí omi tí bàbá Muslimah fún un ní Ìbíadé ni wọ́n tà mọ́ owó ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó lè ra ilé yìí lọ́wọ́ Alájì Ọládòṣù. Kò sí ilé mìíràn lẹ́yìn èyí. Kò sì sí ilẹ̀ mìíràn.

Iná kì í jó ní Àgọ́-Ìwòyè kí èéfín rẹ̀ má délé aládùúgbò. Ìyá Olúfúnmi, tó ń ta ẹ̀kọ ní ìdojúkọ wọn, ló kọ́kọ́ dé, ìró lókè àyà. Bàbá Akínbọ́lá, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tẹ̀lé e pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Àwọn mìíràn kò wọlé. Wọ́n kó orí jọ sójú fèrèsé.

"Yéè! Olúwa mi ò!" Ìyá Olúfúnmi káwọ́ lérí. Ó wo ihò náà lọ wò ó bọ̀, lẹ́yìn náà ó tẹ orí sọ́dọ̀ Bàbá Akínbọ́lá, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ó tiẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí."

Bàbá Akínbọ́lá wúkọ́.

"Kí ló pẹ́, ìyá?" ni Muslimah bi í.

"Háà, ọmọ mi. Òjò ni mò ń sọ. Òjò ọdún yìí pẹ́ kó tó dé."

Òjò ọdún yìí ò pẹ́. Ẹrẹ̀ tó wà lójú títì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ènìyàn dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì wà lára bàtà Ìyá Olúfúnmi fúnra rẹ̀. Muslimah wo bàtà náà. Ìyá Olúfúnmi fi ẹsẹ̀ kan bo ìkejì.

"Ẹ mọ̀," ni Muslimah wí. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó dà bí ohùn ẹni tó ń bi ará ilé bóyá iyọ̀ ti tán. "Gbogbo yín lẹ mọ̀ kí a tó sanwó. Ẹ máa ń rí wa tí a bá wá wo ilé. Ìyá, ẹ tiẹ̀ fún mi ní omi mu."

"Ṣé kí n má fún ọ lómi ni?"

"Ìyàwó wa," Bàbá Akínbọ́lá yọ pákò lẹ́nu, "a kì í ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Bí wọ́n bá ń ná nǹkan lójú ẹni, ojú là ń fi wò ó. Bí mo bá ní kí ẹ má rà á, Alájì yóò ní mo fọ́ ọjà òun. Bí mo bá sì ní kí ẹ rà á, ẹ̀yin yóò wá bá mi lónìí. Èwo ni kí n sọ?"

"Ta ló gbé ibí kí a tó dé?"

Bàbá Akínbọ́lá dá pákò padà sẹ́nu, ó sì ń rún un bí ẹni tí wọ́n fi ẹran sẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọn kò lọ jìnnà. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé ni wọ́n dúró sí, ohùn wọn sì ń gba ojú fèrèsé wọlé tààrà.

"Ó ṣe mí láàánú, ṣùgbọ́n ará odò ni. Ará odò ò mọ ilẹ̀, omi ló mọ̀."

"Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ibí kọ́ ni?"

"Ọmọ ibí wo? Ọmọ ibí tó dàgbà sí Ìbàdàn! Ká bi í pé ibo ni ojú omi àdúgbò rẹ̀, ẹ̀rọ ló máa nawọ́ sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò burú, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín tí nǹkan ò bá ṣẹlẹ̀ nílé tirẹ̀ ni. Muslimah gbé ilẹ̀kùn tì, ó padà sídìí ewùrà rẹ̀. Ewùrà ti ń pọ́n. Ó rin ìyókù, ó da epo, ó ju ẹja gbígbẹ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìbíadé sí i. Ènìyàn á ṣáà jẹun.

Fóònù dún. Farouk, ọmọ rẹ̀, tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìbíadé kí eruku iṣẹ́ má baà fún un ní ikọ́, ló ń pè.

"Mọ́mì, ṣé wọ́n ti ṣe yàrá mi tán?"

"Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́."

"Ṣé wọ́n ti kùn ún? Búlúù ni mo ní o."

"Mo rántí. Búlúù ni."

"Kí lẹ ń jẹ?"

"Ìkọ́kọrẹ́."

"Ẹ bu tèmi sílẹ̀," ni ọmọ náà wí, ó sì pa fóònù bí àwọn ọmọ ṣe ń pa á, láìdágbére. Muslimah di fóònù mú létí títí ó fi mọ̀ pé èémí ara òun nìkan ni òun ń gbọ́.

Àbdùlgàfár, ọkọ rẹ̀, dé láti ilé ìkàwé yunifásítì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tòun ti káàdì iṣẹ́ lọ́rùn. Wọ́n ti pè é lórí fóònù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, kò wọlé, kò jáde. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó yọjú sínú ihò, ó tún sún sẹ́yìn.

"Láńre ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Ó lọ síbi tí ilẹ̀ wà."

Ó wojú ìyàwó rẹ̀. "Muslimah, má bẹ̀rẹ̀."

"N ò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Mo sọ àbí n ò sọ? Mo ní kí a mú bíríkìlà dání lọ wò ó ká tó sanwó."

"Ká mú bíríkìlà lọ sílé Alájì? Ọ̀rẹ́ bàbá mi, tí wọ́n gbé mi fún lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi? Kí bíríkìlà wá máa gbá ògiri rẹ̀ kò-kò lójú rẹ̀, bí ẹni tó ń ra àgbọn? Wọn á ní ìyá mi, Asimawu, bí ọmọ tó kàwé tí kò gba ẹ̀kọ́."

"Ẹ̀kọ́ náà ló wà nínú ihò yẹn."

Àbdùlgàfár bọ́ káàdì ọrùn rẹ̀, ó ń wé okùn rẹ̀ mọ́ ìka.

"Lọ bá a," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Lọ bá a nísinsìnyí. Sọ fún un pé kó wá wo ohun tó tà."

"Ọ̀la ló tún ń lọ sí Mẹ́kà."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ òní."

"Ẹni tó ti di aṣọ ìrìn-àjò ilé Ọlọ́hun, kí n lọ fi ẹjọ́ dá a lọ́nà? Kí wọ́n máa fi mí ṣe wáàsí ní mọ́ṣáláṣí? Jẹ́ kó lọ kó bọ̀ ná."

"Bó bá bọ̀, Bàbá Farouk, ẹni tó ti Mẹ́kà dé, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ ihò? Wọn á ní ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé. Wọn á ní ó ti tán."

Èyí kò nílò àlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ó ní láti yí àdúgbò ká kó tó gbéra, láti ojúlé dé ojúlé, kó bẹ gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ á ní, mo foríjì yín. Kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan mìíràn. Alájì Ọládòṣù sì ti ń yí àdúgbò ká láti ìrun àyìlá. Wọ́n ti rí aṣọ funfun rẹ̀ ní òpópónà kejì.

"Yóò dé ibí," ni Àbdùlgàfár wí. "Jọ̀ọ́. Bó bá dé, jẹ́ ká dá a lóhùn bí ọmọlúàbí."

Ó bu ìkọ́kọrẹ́ díẹ̀, kò jẹ ẹ́, ó lọ jókòó sẹ́yìnkùlé sórí bọ́lọ́ọ̀kù. Ó kẹ̀yìn sí ilé náà bí ẹni tí wọ́n ní kó má wò ó.

Muslimah gbé oúnjẹ lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Àlájà Asimawu wà lórí ẹní rẹ̀ nínú yàrá tó kángun sí pálọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Láti òwúrọ̀ tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀, kò jáde, kò sì bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Àlájà, ẹ jẹun."

"Ẹnu mi ò gbà á."

Muslimah kúnlẹ̀, ó gbé àwo sílẹ̀. Kò dìde. "Àlájà, àdúgbò yìí ni wọ́n bí yín sí. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tí ẹ bá gbálẹ̀ tán láàárọ̀, ibo lẹ máa ń da pàǹtí sí?"

Tẹ̀sùbáà dúró. Ìka Àlájà wà lórí ẹyọ kan, kò sún un, kò fi í sílẹ̀. Níta, ẹnì kan ń pe adìẹ wọlé.

"Ilé tó ti dúró látọjọ́ yìí," Àlájà wí nígbẹ̀yìn, "yóò tó mi lò."

"Yóò tó yín lò, Àlájà. Èmi ńkọ́? Farouk ńkọ́?"

"Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun fún mi. Ìbàdàn jìnnà, mo fẹ́ kó wà nítòsí mi."

Tẹ̀sùbáà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Muslimah wo ìka arúgbó náà, ìka tó ti wẹ Farouk lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tó máa ń ya ẹran ara ẹja sọ́tọ̀ fún òun nígbà tí òun lóyún. Kò bínú sí i tó bí ó ti fẹ́ bínú. Ó dìde. Bí ó bá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé Àlájà mọ̀, ìyá ni ọkọ náà máa pàdánù lónìí, kò sì ní fi ìyẹn rí ilé gbà. Kò ní sọ ọ́. Nínú gbogbo ilé náà, òun nìkan ni kò ní ẹni tí òun lè wò lójú kí òun sì sọ pé, ẹ wá wo ohun tó ṣe mí.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì ni wọ́n gbọ́, "Sàlámù aleekun!" Ohùn tó dùn, ohùn ẹni tí inú rẹ̀ mọ́. Alájì Ọládòṣù wọlé pẹ̀lú ọkùnrin méjì láti mọ́ṣáláṣí, aṣọ wọn funfun gbòò. Àwọn èrò tẹ̀lé wọn dé ojú fèrèsé, Ìyá Olúfúnmi pẹ̀lú síbi rẹ̀ lọ́wọ́, Bàbá Akínbọ́lá lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àforíjì kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀.

Alájì wọ pálọ̀. Kò wo ilẹ̀. Ó yí etí ihò náà ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ síbi tó le, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni tó mọ ibi tó wà kó tó wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà wo ihò, ó yára wo àjà.

"Ọmọ mi Gàfárù. Àlájà dà? Kí Ọlọ́hun lọ́ra ẹ̀mí wọn. Ìyàwó mi, oúnjẹ yín ń ta sánsán." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀dá ò lè má ṣẹ ara wọn. Ohun tí mo bá ti fi ṣẹ̀ yín, mímọ̀ àti àìmọ̀, ẹ foríjì mí nítorí Ọlọ́hun."

"A foríjì yín, Bàbá," ni Àbdùlgàfár wí kíá. Ó dọ̀bálẹ̀, orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ihò.

"Mo foríjì," ni ohùn Àlájà wí láti inú yàrá.

"A foríjì o!" làwọn ojú fèrèsé wí.

Ó ku ẹnì kan. Muslimah wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ògiri tó lanu, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Wọ́n dúró. Ọkọ rẹ̀ wò ó. Síbi Ìyá Olúfúnmi ń kán ẹ̀kọ sílẹ̀.

Àgbà kan nínú àwọn méjì náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ojú ló ń tì í. Ìdákẹ́ obìnrin, gbígbà ni. Ó ti foríjì. Alájì, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ilé ṣì pọ̀."

Wọ́n yí padà. Ẹsẹ̀ Alájì kan ti kọjá àtẹ̀wọ̀ ilẹ̀kùn.

"N ò gbà o," ni Muslimah wí.

Kò pariwo. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló gbọ́, nítorí kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. "N kò tíì foríjì yín, Bàbá. Kí wọ́n má gbẹnu sọ fún mi."

"Muslimah!" ni ọkọ rẹ̀ ké.

Alájì padà wọlé. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ojú arúgbó kan tó ti rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ó tẹ orí sọ́dọ̀ rẹ̀. "Kí lo fẹ́, ìyàwó mi?"

Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ilé yìí ti bẹ̀rẹ̀, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi Muslimah ní ìbéèrè náà.

"Mo fẹ́ kí ẹ sọ ohun tó wà lábẹ́ ilé yìí kí ẹ tó tà á fún wa. Kí ẹ sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́, kí ẹni tó mọ̀ nínú wọn wọlé wá jẹ́rìí sí i. Lẹ́yìn náà ká wá sọ̀rọ̀ owó wa. Bí ẹ bá ti ṣe é, Bàbá, n óò foríjì yín."

Ìyá Olúfúnmi rántí pé òun gbé ìkòkò kaná. Bàbá Akínbọ́lá ní ìrun ti ń yá. Kì í sì í ṣe mùsùlùmí. Àwọn orí tó wà lójú fèrèsé ń dín kù, ọ̀kan, òmíràn, láìdágbére, títí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán fi gba ojú fèrèsé wọlé gbáà. Àbdùlgàfár mú àwọn ọkùnrin méjì náà lápá, ó ní òun ń sìn wọ́n dé títì. Kò wẹ̀yìn.

Alájì wo fèrèsé. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó rí i pé àgbàlá ti dá, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Kòtò tí àwọn bàbá wa ti gbẹ́ amọ̀ ilé ni. Nígbà tó yá, ó di ààtàn. Mo mọ̀ kí n tó kọ́ ọ. Àwọn tó gbé e ṣáájú yín sọ fún mi pé ó ń rì, èmi náà rí i." Ó nawọ́ sí i, àtẹ́lẹwọ́ sókè. "Mo ti sọ ọ́. Ọ̀la ni ìrìn-àjò mi. Foríjì mí."

Ilẹ̀kùn yàrá Àlájà rọra tì.

Muslimah gbójú sókè, ó wò ó. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà tí yóò gbà pé òun gbọ́.

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni ó wí.

Alájì dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà sí i. Ó dúró pẹ́.